Ta Ló Fẹ́ Jókòó Wo Ṣẹ́ẹ̀sì?

Àwa tí a fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì ní àròyé kan tí kì í tán lẹ́nu wa. Kí ló dé tí ayò yìí kò gba ìgboro bíi bọ́ọ̀lù? Kí ló dé tí ìdíje ọ̀gá àgbáyé á máa lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀? Bí àròyé yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, kálukú ló máa ń yọ oògùn tirẹ̀ jáde. Ẹnì kan á ní kí wọ́n dín àkókò kù, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kẹta á ní owó ẹ̀bùn ni kò pọ̀ tó.

Lójú tèmi, ohun méjì tí kò jọra la máa ń lù pọ̀. Kéèyàn máa ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kéèyàn jókòó máa wo ẹlòmíràn tó ń ta á, ọ̀tọ̀ tún nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, ẹnu wa ò gbà á láti sọ pé kò gbajúmọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìkànnì Chess.com nìkan kéde pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ti pé mílíọ̀nù 100. Lichess tún wà níbẹ̀, èyí tí Thibault Duplessis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ ní 2010, tí kì í gba owó títa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í polówó ọjà fúnni. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ń ta, àwọn kan sì wà tí wọ́n ní orúkọ mẹ́ta níbì kan ṣoṣo (mo mọ irú wọn). Síbẹ̀, yọ ìdajì kúrò, kí o tún yọ ìdajì nínú èyí tó kù, èrò tó ṣẹ́kù á ṣì kún orílẹ̀-èdè kan bámúbámú.

Wíwò ló ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Singapore ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ding Liren, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló di ipò ọ̀gá àgbáyé mú. Gukesh Dommaraju, ọmọ ọdún 18 láti Íńdíà, ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ta mẹ́tàlá, wọ́n dọ́gba ní 6.5 sí 6.5, ẹ̀kẹrìnlá ló kù. Wọ́n ta á títí tí ohun tó wà lórí ọpọ́n fi ku ọba méjì, rúùkù méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti pọ́ọ̀nù mẹ́ta, àwọn ọmọ ayò kéékèèké. Méjì nínú àwọn pọ́ọ̀nù náà jẹ́ ti Gukesh, ọ̀kan jẹ́ ti Ding. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń sọ pé ọ̀mì ló máa já sí. Ní ìgbésẹ̀ 55, Ding gbé rúùkù rẹ̀ sí ojú ilé kan tí wọ́n ń pè ní f2, pé kí rúùkù àwọn méjèèjì jẹ ara wọn kúrò ńlẹ̀, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Ohun tí kò rí ni pé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ọpọ́n, níbi tó jẹ́ pé ọ̀nà ẹyọ kan péré ló lè gbà jáde. Bí àwọn rúùkù bá ti lọ, Gukesh á gbé bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sójú ọ̀nà yẹn, àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà á jẹ ara wọn tipátipá, á wá ku ọba àti pọ́ọ̀nù nìkan, pọ́ọ̀nù tó sì lé kan lọ́dọ̀ Gukesh á lè rìn dé òdìkejì ọpọ́n di ayaba, á sì parí ọ̀rọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i, Ding juwọ́ sílẹ̀, ayé sì ní ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ tí a tíì rí nínú ìdíje yìí.

Gbé ara rẹ sípò ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tó ń wò ó lójú fóònù. Kí ló rí? Ọkùnrin kan sún igi kékeré kan. Kò sí ohun tó wó, kò sẹ́ni tó ṣubú, èrò kò pariwo. Bọ́ọ̀lù tó wọlé, ọmọ tí kò wò ó rí á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, inú orí ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ kàn ń wá jíṣẹ́ lẹ́yìn ni. Èyí tó tún burú jù ni pé ewu tó tóbi jù lọ lórí ọpọ́n sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí pé alátakò ti rí i, ó sì ti dí ọ̀nà rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Ohun tó tàn káyé lọ́jọ́ yẹn ni omijé Gukesh. Lẹ́yìn tí Ding ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó jókòó, ó ń sunkún, ó sì ń to àwọn ọmọ ayò padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rúùkù àti bíṣọ́ọ̀bù fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní f2.

Àwọn tó ń ṣàfihàn ìdíje ti gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ní ọ̀pá funfun àti dúdú kan tí wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ẹni tó ń mókè. Bí funfun bá ń ga sí i, ẹni tó ń ta funfun ló ń jayé. Mi ò ní purọ́, ọ̀pá yìí wúlò. Òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ̀ pé Ding ti kan àgbákò. Àmọ́ ó ní àbùkù kan tó ń bí mi nínú: ìdáhùn ló ń fúnni láìfúnni ní ìbéèrè. Ẹni tó kọ́ ayò yìí lóṣù tó kọjá á wo ọ̀pá tó já wálẹ̀, á wá máa bú grandmaster, ẹni tó gba oyè tó ga jù lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, pé orí rẹ̀ ò pé. Ìwọ tí ò ń bú u, kí ló yẹ kó ṣe? Kò mọ̀. Ọ̀pá kò sọ fún un. Atọ́kùn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bo ọ̀pá yẹn, á bi wá pé kí la máa ṣe ká ní àwa la jókòó síbẹ̀, á jẹ́ ká rò ó fún ìṣẹ́jú kan, kó tó ṣí i. Ìgbà yẹn lèmi tí mò ń wò náà wọ inú ayò.

Àwọn ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀sì gba ayé kan lóòótọ́, ìtàn ènìyàn ló gbé e. Ìgbà tó lókìkí jù ni 1972 ní Reykjavik, olú ìlú Iceland. Bobby Fischer ti Amẹ́ríkà dojú kọ Boris Spassky ti Soviet, ogun abẹ́lẹ̀ láàárín ìjọba méjèèjì sì gbóná. Fischer kọ́kọ́ lóun ò lọ. Jim Slater, olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, sọ owó ẹ̀bùn di ìlọ́po méjì. Henry Kissinger pè é lórí fóònù. Nígbà tó wá dé, nínú ayò àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀mì ni, ó fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ pọ́ọ̀nù kan ní h2, Spassky ti pọ́ọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síwájú, bíṣọ́ọ̀bù há sínú ilé olódì. Ẹni tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì láàárọ̀ òní lè lóye àṣìṣe yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú un dùn. Ayò kejì, Fischer kò yọjú, wọ́n gbé máàkì fún Spassky. Ẹ̀kẹta, yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ta á nítorí pé ó ní ariwo kámẹ́rà ń dí òun lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn ó borí ní 12.5 sí 8.5.

Ní Amẹ́ríkà, Shelby Lyman dúró síwájú ọpọ́n ńlá kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ọwọ́ gbé àwọn ọmọ ayò bí ìròyìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé, ó ń tọ́ka, ó ń ṣàlàyé, fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ń wò ó! Kò sí ọ̀pá, kò sí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó wá di 1975 tí Fischer kọ̀ láti gbèjà ipò rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún Anatoly Karpov láìta ẹyọ kan, ìtara yẹn rọlẹ̀.

Bó sì ṣe ń rí lẹ́yìn náà nìyẹn. Norway di orílẹ̀-èdè oníṣẹ́ẹ̀sì nítorí Magnus Carlsen. NRK, ilé tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, ń gbé ìdíje tó fi gba ipò ọ̀gá àgbáyé lọ́wọ́ Viswanathan Anand ní Chennai ní 2013 sáfẹ́fẹ́ fún wákàtí gbọọrọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lé, Netflix gbé eré alápá méje kan jáde nípa ọmọ òrukàn obìnrin kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ilé mílíọ̀nù 62 ló sì wò ó láàárín ọjọ́ 28 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Carlsen fi ìdíje Sinquefield Cup sílẹ̀ ní St. Louis lọ́jọ́ kejì tí Hans Niemann borí rẹ̀, àríyànjiyàn sì gba gbogbo ìwé ìròyìn. Ní ìparí 2024, ó tún fi ìdíje sílẹ̀ ní New York torí pé wọ́n ní kó lọ bọ́ ṣòkòtò jíǹsì. Ṣòkòtò! Láàárín méjèèjì, ní oṣù Kẹrin 2024, Tunde Onakoya àti Shawn Martinez jókòó ní Times Square, wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láti fi kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nínú gbogbo èyí, tiwọn ló wù mí jù, torí pé ọpọ́n wà ní gbangba, àwọn tó ń kọjá sì ń dúró wò.

Mi ò kẹ́gàn ariwo. Ariwo ló ń mú èrò wá. Àmọ́ ẹni tí ariwo bá mú wá, ìdákẹ́jẹ́ ló máa lé e lọ, ìdákẹ́jẹ́ sì pọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì.

Àwọn kan ní ká yára sí i. Wọ́n á tọ́ka sí London 2018, níbi tí Carlsen àti Fabiano Caruana ti ta mẹ́jìlá, tí méjèèjìlá já sí ọ̀mì, kí wọ́n tó wá yanjú ọ̀rọ̀ nínú ayò kíákíá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí Carlsen fi mẹ́ta sí òdo ṣẹ́gun. Wọn ò jayò pa. Nígbà tí aago bá ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọmọ ayò ń ṣubú, ọmọdé mọ̀ pé ìjà ń lọ. Èmi náà máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá yára jù, àwọn tó ń ṣàlàyé gan-an kì í bá a mọ́, á wá ku ìró aago nìkan. Ayò tí mo fẹ́ràn jù láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ẹ̀kẹfà láàárín Carlsen àti Ian Nepomniachtchi ní Dubai ní 2021: ìgbésẹ̀ 136, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ, kò sí irú rẹ̀ rí nínú ìdíje ọ̀gá àgbáyé. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fa ojú àlejò mọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dára la fi ń polówó.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí bóyá ṣẹ́ẹ̀sì lè di ohun tí gbogbo ayé ń wò bíi bọ́ọ̀lù, máa ní rárá, kò sì dùn mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ti àwọn tó kọ́ ọ, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n sì pa á tì láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn yẹn pọ̀ ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá lọ nínú àwọn tí mo mọ̀. A ti mú wọn wọlé, wọn ò dúró.

Ìtìjú ló lé wọn. Bí o bá ta lúdò tí o pàdánù, dáìsì olójú mẹ́fà ló ṣẹ̀ ọ́, kò yọ mẹ́fà fún ọ nígbà tí o nílò rẹ̀. Bí o bá pàdánù nínú bọ́ọ̀lù, rẹfirí wà, ẹlẹgbẹ́ rẹ tí kò fún ọ ní bọ́ọ̀lù wà. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, kò sí ẹni tí wàá dì í rù. Ohun tí alátakò rí nìwọ náà rí, ohun tó ní nìwọ náà ní, kò sí nǹkan tó fara sin. Tí ọba rẹ bá há, ìwọ lo há a. Kò wá tán síbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ tó ń lọ sókè sódò, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Lẹ́yìn ayò, áàpù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ìbéèrè pupa sára àwọn ìgbésẹ̀ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí nọ́ńbà yẹn ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an yẹ kí gbogbo ọ̀pẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Arpad Elo, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hungary, ló ṣe é, FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, sì gbà á wọlé ní 1970. Áàpù ń lo irú rẹ̀ láti wá ẹni tí agbára yín dọ́gba fún ọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí o ti wù kí o mọ̀ ọ́n tó, wàá máa pàdánù bí ìdajì. Mọ̀ ọ́n dáadáa sí i, wọ́n á wá ẹni tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ, wàá tún máa pàdánù ìdajì. Ọ̀pọ̀ rò pé ìpàdánù jẹ́ àrùn ọ̀pẹ̀ tó máa san tí àwọn bá ti kà díẹ̀ sí i. Kò ní san. Ohun tí ọ̀ta fi ju ọ̀pẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò kà á sí mọ́.

Ta ló wá fa ìtìjú yìí? Àwa ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń polówó rẹ̀ pé ayò ọlọ́pọlọ ni, ayò olóye ni, ọmọ tó bá ń ta á á mọ ìṣirò. Òbí gbọ́, inú wọn dùn. Ọmọ náà gbọ́, ó sì ro ìyókù fúnra rẹ̀: bó bá jẹ́ pé olóye ló ń borí, kí ni wọ́n ń pe ẹni tó pàdánù? Ìpolówó yẹn ló ń lé èrò sá, ó sì ti yẹ kó kú ní oṣù Karùn-ún 1997, nígbà tí Deep Blue, kọ̀ǹpútà kan, fi 3.5 sí 2.5 na Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, ní New York. Àwọn kan ní ṣẹ́ẹ̀sì ti parí lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ pé òṣùwọ̀n ọpọlọ ni lóòótọ́, ì bá parí. Lónìí, kọ̀ǹpútà tó wà nínú fóònù lásán á na ọ̀gá àgbáyé láìlàágùn, àwọn tó ń ta á sì pọ̀ ju ti 1997 lọ fíìfíì. Wọ́n ń ta á torí pé ó dùn.

Ọ̀nà tí ìjọba fi ń gbé e lárugẹ náà wà. Soviet ṣe é, wọ́n ní gbọ̀ngàn, olùkọ́ àti owó oṣù fún un, wọ́n sì jọba lórí ipò ọ̀gá àgbáyé láti 1948 títí Fischer fi dé. Armenia sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ dandan fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ó dáa, àmọ́ ohun tí wọ́n bá fi dandan mú ènìyàn ṣe lọ́mọdé, ẹ wo iye rẹ̀ tó tẹ̀ lé e dàgbà. Íńdíà ni mo kà sí: Anand di grandmaster wọn àkọ́kọ́ ní 1988, àwọn ọmọdé rí i, wọ́n fẹ́ dà bíi rẹ̀, àwọn òbí tẹ̀ lé wọn, nígbà tó sì di Olympiad, ìdíje láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní Budapest ní 2024, àwọn ọkùnrin wọn gba wúrà, àwọn obìnrin wọn náà gba wúrà.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, obìnrin ńkọ́? Judit Polgár ti Hungary di grandmaster ní 1991 lẹ́ni ọdún 15, ó gba àkọsílẹ̀ Fischer lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na Kasparov ní 2002. Ó gun òkè dé ipò kẹjọ láyé ní 2005. Síbẹ̀, wọ gbọ̀ngàn ìdíje èyíkéyìí kí o ka àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá jẹ́ òun nìkan láàárín ọkùnrin ogún, tí gbogbo wọn ń wò ó bóyá á ṣàṣìṣe, ìtìjú tirẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Kò sí ìpolówó tó lè tún ìyẹn ṣe bí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn kò bá yíwà padà.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọ̀kan ni ayò ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní orí àti ọwọ́. Ẹni méjì wà lápá kan, ẹni méjì lápá kejì. Ọ̀kan jẹ́ orí, á kàn dárúkọ ọmọ ayò: «Ẹṣin!» Ìkejì jẹ́ ọwọ́, òun ló máa yan ibi tí ẹṣin máa lọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ síra wọn. Orí ti ro nǹkan ńlá, ọwọ́ lọ gbé ẹṣin síbi tí ọmọdé ò ní gbé e sí, orí á di ojú rẹ̀ mú, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n máa dì í rù ti wà. Ẹni tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lánàá lè jókòó ti ẹni tó ti ta á fún ogún ọdún, tí ó sì máa gbádùn ara rẹ̀.

Èkejì ni mo fi ń kọ́ ẹni tó bá lóun fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mi ò kì í to gbogbo ọmọ ayò sílẹ̀ mọ́. Pọ́ọ̀nù mẹ́jọ fún un, mẹ́jọ fún mi, kò sí ọba, kò sí ayaba. Ẹni tí pọ́ọ̀nù rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé òdìkejì ló borí. Òfin rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún: síwájú lẹsẹẹsẹ, jẹ ẹ́ ní ìgun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti na ènìyàn tàbí kí wọ́n ti nà án, ó sì ti ń béèrè pé ká tún un ta. Bó bá ti mọ́ ọn lára, màá fi ọba kún un. Lẹ́yìn náà rúùkù. Ẹṣin ni mo máa ń fi sẹ́yìn pátápátá, torí pé fífò rẹ̀ máa ń da orí àgbà rú ju ti ọmọdé lọ, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé á jẹ́ kí wọ́n mọ ìṣirò.